Wáyà Kẹtàdínláàádọ́ta

Aago méjì òru ni, ní Wínípẹ́ẹ̀gì.
Níta, òtútù ti sọ Odò Pupa di títì,
èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀.
Èmi wà lórí àkàbà, àjà ilé ìwòsàn ti gbé orí mi mì,
eruku lójú, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
mo ń wá ẹni tó ń purọ́ láàrin igba wáyà.

Nọ́ọ̀sì ìpele kẹta ló fẹjọ́ sùn:
àwòrán egungun aláìsàn ń wọ́ bọ̀ bí ìgbín,
ó dé ọrùn, ó dúró;
ó dé igbá-àyà, ó dákú.

Mo ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré mi wò ó,
èyí tí mo rà ní dọ́là mọ́kànlá, oníná mẹ́jọ.
Ó tàn ní ení, ó tàn ní èjì, títí dé ẹ̀jọ,
kò fo ọ̀kan, kò ṣi ọ̀kan pè.
Mo ní ó dára. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Orest, ọ̀gá mi, rẹ́rìn-ín nínú irùngbọ̀n rẹ̀.
"Iná yẹn ń bèèrè pé ṣé o dé.
Kò bèèrè bí o ṣe rìn."
Ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ fún mi, èyí tó wọ́n ju ọkọ̀ mi lọ.
Rodelio mú ìdajì kejì sọ̀kalẹ̀ lọ.
A dákẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án.
Pupa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí.
Nínú awọ kébù kan, wáyà mẹ́jọ ní ń bẹ, ní méjì-méjì:
ọsàn àti ìkejì rẹ̀ abilà,
ewé àti tirẹ̀, aró àti tirẹ̀, amọ̀ àti tirẹ̀.
A ran wọ́n mọ́ra bí òwú,
kí ariwo tó bá ba ọ̀kan lè ba èkejì lọ́gbọọgba,
kí méjèèjì sì pa á láàrin ara wọn.
Ṣùgbọ́n ní orí kébù, ewé gbọdọ̀ ya ẹsẹ̀
kí aró gba àárín rẹ̀ kọjá.
Ẹni tí kò mọ̀ á tò wọ́n ní méjì-méjì, á rẹwà lójú.
Ó tò ó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ó tò ó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún,
olúkúlùkù á sì délé,
àmọ́ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kọ́ ló bá a rìn.
Ọ̀rọ̀ ewé ń jò sétí aró.
Àgbọ́ìgbọ́tán ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Mo nu eruku lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn:
47, oṣù kẹta, ọdún tí mo dé.
Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn.
Ọ̀sẹ̀ kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
mo tò wọ́n bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
mo wo iná mẹ́jọ,
mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé.

Mo gé orí rẹ̀ jù sápò. Mo tò ó bó ṣe yẹ,
n kò tú ìránpọ̀ rẹ̀ ju ìbú èékánná lọ.
Mo ṣe ti òkè, mo ṣe ti ìsàlẹ̀, mo tún gòkè.
Mẹ́sàn-án.
Ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé,
Rodelio pariwo láti ìsàlẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.

Nígbà náà ni ohùn Òjélàbí, àbúrò mi, padà sí mi létí,
ti ọjọ́ Àìkú, láti Ìlóbùú:
"Ẹsẹ̀ Ìyá ti sàn. Wọ́n sùn. Má dààmú."
Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Gbogbo rẹ̀ dé.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù lọ́hùn-ún.
Mo yọ ìbọ̀wọ́, mo pè é.
N kò bèèrè pé ṣé wọ́n jí.
Mo ní, "Báwo ni Ìyá ṣe ń rìn?"
Mo ń kà.
Ní ìkeje, mo gbọ́ èémí rẹ̀.
"Bùọ̀dá," ó ní, "níbo lẹ wà? Ẹ wá ibì kan jókòó."

Èmi nìyí lórí àkàbà.